Ọwọ́ Wendelin Lára Bàtà Síkì

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tó ti rẹ Notburga tẹnutẹnu. Ó jókòó gbì sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù tí Korbinian, àbúrò ọkọ ẹ̀, ti ń tún bàtà síkì ṣe, yìnyín ń yọ́ lára ẹ̀ sílẹ̀, itan ẹ̀ ń gbọ̀n, kò tiẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ tú bàtà síkì ara ẹ̀, bàtà líle tí wọ́n ń dè mọ́ pátákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín.

"Burgi," bí Korbinian ṣe máa ń pè é nìyẹn, "wọ́n ní o tún ṣubú."

"Níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ni. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ síkì ní tí mo bá tún ṣubú, kí n bọ́ ẹ̀wù pupa olùkọ́ sílẹ̀, kí n lọ máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi! Èmi tí mo kọ́ òun alára ní síkì!" Ó mí kanlẹ̀. "Ogbó ti dé, ó parí."

"Ogbó wo? Bàtà yẹn ló ń pa ẹ́. Mo wí títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

Ó wí i lóòótọ́. Ní abúlé wọn, ọkọ ló ń to bàtà síkì ìyàwó ẹ̀, ẹlòmíì kì í tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìgbà tí Notburga ń fi síkì sáré ìdíje ni Wendelin, ọkọ ẹ̀, to tiẹ̀. Ó ki ike sẹ́yìn ojúgun kí orúnkún lè tẹ̀ síwájú, ó sì fi ohun pèlébé kan gbé irin tó ń gbá gìgísẹ̀ bàtà mú lórí síkì sókè. Ẹni tó ń sáré, ó dáa fún un. Ẹni tó ń dúró ti àwọn ọmọ láti àárọ̀ dalẹ́, ìyà gbáà ni. Wendelin wá kú. Ẹ wá wo orí kunkun: gbogbo bàtà tuntun tí Notburga rà lẹ́yìn ẹ̀, ó ní kí Korbinian tò ó gẹ́lẹ́ bí Wendelin ṣe máa ń tò ó.

"Ẹsẹ̀ òsì nìkan," Korbinian bẹ̀ ẹ́. "Tí kò bá dáa, màá dá a padà."

"Ṣe bó o ṣe fẹ́. Kò sí agbára ìjà lára mi."

Ó yọ ike, ó yọ pèlébé, ó de gbogbo ẹ̀ padà. Notburga ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó gun síkì, ó dìde. Apá ọ̀tún ṣì ń tì í síwájú, itan ibẹ̀ ń ta á. Apá òsì balẹ̀ dáadáa. Ó gbé ọ̀tún sókè, ó fi òsì nìkan dúró. Kò gbọ̀n rárá.

"Ṣé o rí i? Olórí kunkun!" Inú Korbinian ń dùn.

Inú Notburga bàjẹ́. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ìyẹn ni pé òun ló ń dá mi lágara látọjọ́ yìí? Wendelin tèmi?"

"Kò mọ̀ pé o máa dàgbà láìsí òun ni, Burgi. Ká ní ó wà, á ti tún un tò fúnra ẹ̀."

Notburga nu omijé ojú ẹ̀. Ó ń wo bàtà ọ̀tún. Kò sí ibòmíì mọ́ tí ọwọ́ Wendelin ṣì ti ń kàn án láràárọ̀. Ó wò ó títí, ó sì padà jókòó, ó na ẹsẹ̀ náà sí Korbinian.

"Yọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n rọra."