Ìyà Mi Ò Jọ Tiwọn

Ẹni tó bá ní èmi Mọ̀ríámọ̀ ń bá ọmọ tó kọrin yìn mí jà, kó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ tẹnu mi.

Ọmọ ọwọ́ ni Alameen ọmọ mi nígbà tí a dé Toronto. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Ráàpù ló yàn láàyò. Nígbà tó ní òun fẹ́ kọrin nípa mi, ó bi mí báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ pé ìyá òun kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyá àwọn yòókù. Mo ní, "Ìyá mi ò jọ tiwọn." Ó sọ ọ́ tẹ̀lé mi, ó sì gún régé. Inú mi dùn débi pé mo dín dòdò fún un lọ́jọ́ tí kò sí àlejò.

Ọ̀dọ̀ Daniel ni nǹkan ti dojú rú. Daniel ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìlù, kò sì gbọ́ Yorùbá rárá. Ó ti ṣe ohùn orin sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé, ohùn náà sì rọlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò gòkè. Wọ́n wá ki ọ̀rọ̀ mi bọ inú rẹ̀ tipátipá. Bí ìyá mi ṣe di ìyà mi nìyẹn. Ọmọ mi wá ń pariwo fáyé gbọ́ pé ìyà òun ò jọ tiwọn!

Orin ọ̀hún sì gbòde. Mo gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ agbéniròkè ilé wa ní Etobicoke. Wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, àwọn ọ̀dọ́ ru àpò sìmẹ́ńtì sórí, wọ́n ń fi orin náà jó. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ ni o.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Auntie Nàfísàt fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mọ̀ríámọ̀, má bínú o. Ìyà wo lo fi jẹ ọmọ yìí gan-an? Gbogbo àwọn sisters ló ń bèèrè."

Ojú tì mí. Èmi! Èmi tí mo ń ti inú shift kan bọ́ sínú òmíràn nítorí rẹ̀!

Bí mo ṣe délé, mo gbé e kaná. "Alameen, ìyá ni, kì í ṣe ìyà!"

"Mummy, you just said the same word twice."

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí! Mo tún un sọ, mo na ọwọ́ sókè, mo rẹ ọwọ́ sílẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mo ní kó lọ tún orin náà ṣe, kí aráyé mọ̀ pé mo tọ́jú ọmọ. Ó ní, "Okay Mummy, sorry. I'll fix it."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo wà ní wíáháòsì wa ní Malton, èmi àti Ìdẹ̀raolúwa jọ ń di páálí. Ọmọ ilé ìwé ni, kò tíì pẹ́ tó dé. Ó ń kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, ìyà mi ò jọ tiwọn. Mo ní, "Ìwọ náà?"

"Ẹ má bínú, ma. Orin yìí ló ń gbé mi parí shift. Mummy mi ní Òṣogbo rò pé inú enjoyment ni mo wà, mi ò sì lè sọ òótọ́ fún wọn. Ó dà bíi pé bọ̀bọ́ yẹn mọ̀ mí ni." Ó fi apá nu ojú, ó mú páálí mìíràn.

Mo ti la ẹnu láti sọ fún un pé ìyá ni, àti pé èmi ni ìyá ọ̀hún. Mo pa ẹnu dé. Èmi náà, nígbà tí mo dé, adùn nìkan ni mo ń ròyìn fún ìyá mi lórí fóònù títí wọ́n fi kú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Alameen gbé fóònù wá bá mi ní kíṣìnnì. Ó ti kọ tuntun, Daniel sì ti gbé ìbẹ̀rẹ̀ ohùn orin náà sókè. Ó fi ti àtijọ́ sí i, ó tún fi tuntun sí i. Nínú tuntun, ìyá gòkè bó ṣe yẹ, ó dá ṣáká. Kò sí alábòsí tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé mo tọ́mọ. Ó dùn, ṣùgbọ́n ó kọjá lára mi lásán.

"I can't hear the difference in the word, Mummy. Whichever one you pick, I'll take the other one down. Which one is you?"

Mo ní kó tún fi ti àtijọ́ sí i. Mo rántí òtútù ọdún tí a dé, mo rántí Ìdẹ̀raolúwa.

"Èyí," mo ní. "Fi èyí sílẹ̀."

Ojú rẹ̀ tàn. "I knew it. That one sounds more like you."

Ó dùn mí. Ó sì tún dùn mọ́ mi. Mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù.