Láti Ọjọ́ Tí Iyọ̀ Ti Padà Sínú Ọbẹ̀

Iyọ̀ ti wà láàárín ìka Hannah, ọbẹ̀ ń hó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé. Ignatius, ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àpótí lẹ́bàá àpáta tí wọ́n sá kòkó sí, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú yí hóró kòkó, ó gbé ojú sókè sí oòrùn. Hannah yára da iyọ̀ náà sínú ìkòkò, ó rò ó pọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni Ignatius fi jẹ àtẹ́ ní ilé ìwòsàn l'Ákùrẹ́. Kíndìnrín ló ń dà á láàmú. Dókítà ní iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu. Hannah náà ń bá a jẹ àtẹ́, kó má baà dá nìkan jìyà. Àfi ọjọ́ Ajé tó kọjá, tí dókítà pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó rọra sọ pé, "Ìyá, ẹ máa mú Bàbá lọ sílé. Ohunkóhun tó bá wù wọ́n ni kí ẹ fún wọn jẹ."

Ó yé Hannah. Ó nu ojú rẹ̀, ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ara yín ti ń yá, Bàbá Mojọlá. Ilé yá."

Ignatius wò ó díẹ̀. "Ògo ni fún Ọlọ́run," ló sọ.

Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde, ṣùgbọ́n itọ́ funfun ni Hannah ti ń tu láti ọjọ́ náà. Ó sun iṣu, ó fi epo àti iyọ̀ sí i, Ignatius sì lá ìka bí ọmọdé. Ó gún iyán, ó fi okété se ẹ̀gúsí. Ó ra bàtírì tuntun sí rédíò. Láràárọ̀ wọ́n ń kọ orin ìwé. Bí èémí Ignatius bá já láàárín ẹsẹ orin, Hannah a bá a gbé e parí. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á jókòó sórí àpáta, tí oòrùn fi sílẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ẹní tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Hannah ti bẹ Ọlọ́run tó fi ọdún kún ọjọ́ ayé Hesekáyà títí ó fi sú u. Nísinsìnyí, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: kí Ignatius má mọ̀, kí adùn ọ̀sẹ̀ yìí má korò lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Mojọlá!" Mùíbàt ni, aládùúgbò wọn tó ń ta iyọ̀ àti ata lójúde. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí kún o! Bí àwọn olóṣèlú tó ń pariwo kiri yìí bá rí yín, wọ́n á ní kí ẹ wá du ipò gómìnà!"

"Bí mo bá wọlé," Ignatius ní, "ìwọ ni màá fi ṣe kọmíṣánnà ata."

"Ata nìkan? Iyọ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ Ajé ni Ìyá Mojọlá ti ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó!"

Hannah yára wo ojú ọkọ rẹ̀. Ignatius rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tí Mùíbàt lọ tán, ó na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Ọ̀la ni Mojọlá ń bọ̀ láti Èkó?"

"Ọ̀la ni."

"Á bínú sí ọ pé o gbé mi kúrò ní ilé ìwòsàn. Jẹ́ kí èmi fúnra mi bá ọmọ mi sọ ọ́."

"Kí lẹ fẹ́ bá a sọ?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí kòkó lẹ́ẹ̀kan. "Dókítà tó gba iyọ̀ lẹ́nu èèyàn kì í dá a padà lásán, Hannah. Bí mo ti fi iṣu ọjọ́ yẹn kan ẹnu ni mo ti mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Ẹ wá ń jẹ ẹ́?"

"Bí mo bá ń jẹ ẹ́, inú rẹ a máa dùn."

Hannah jókòó sórí àpáta. Ó rántí ìka tí Ignatius ń lá, àti bó ṣe máa ń ní kí òun bù kún un. Ó rántí ìkérora tó ń gbọ́ lóru, tí Ignatius ní àlá lásán ni. Ó ti rò pé òun nìkan ló ń fi oúnjẹ tu ẹnì kejì nínú.

Ignatius bu ẹ̀kúnwọ́ kòkó, ó gbọ́ oòórùn rẹ̀. "Kò tíì gbẹ," ló wí. "Á ṣì fẹ́ oòrùn bí ọ̀sẹ̀ kan sí i."

Kò sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì.

"Lọ bu oúnjẹ wá. Má sì jẹ́ kó tẹ́ o."

Hannah wọ ilé ìdáná. Ó ṣí ìkòkò, ó mú ìgbakọ. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ Ignatius nínú kòkó níta: ṣàà, ṣàà. Ìró náà dákẹ́. Hannah dúró, ìgbakọ lókè, kò mí. Ṣàà. Ó bu ìgbakọ kan sínú àwo, ó sì tún dúró, ó ń fetí sílẹ̀.