Igbá Ẹ̀kọ Baba Magak

Ní abúlé wa létí adágún, ẹni tó bá gbé ẹ̀kọ wá fún ọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ, kó o lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi se ẹ̀kọ fún ìyá ọkọ mi, kò sì mu ún rí kí n má tọ́ ọ wò. Kì í ṣe ìjà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tí Adikinyi ọmọ mi wá bá abúlé sọ̀rọ̀, èmi ni mo se ẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ n yangàn: ibà pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun náà, òun ló wá di dókítà tó ń darí ìwádìí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ní gbogbo agbègbè wa. Àmọ́ bí abúlé tiwa bá kọ̀, ta ni yóò gbà? Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ á dojú dé.

Baba Magak, àgbà tí gbogbo ilé ń wo ẹnu rẹ̀, gbọ́ àlàyé tán. Ó ní, "Adikinyi, o mọ̀ ọ́n sọ. Ṣé wọ́n ti gún ọmọ tìrẹ lábẹ́rẹ́ náà?"

Obura ọmọ Adikinyi ń sùn lẹ́yìn mi. Mo rọra sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni." Ó wò mí bí ẹni wo olè.

"Rárá, Baba. A ò sì ní gún un."

Ariwo sọ. Ìyàwó Odongo, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọlọ́mọ, fò dìde: "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ dókítà ni ọmọ, tiwa ni eku!"

Adikinyi ní, "Ẹ̀yin ìyá, gègé la máa ṣẹ́. Àwọn kan á gba ti ibà, àwọn yòókù á gba abẹ́rẹ́ àìsàn mìíràn. Èmi pàápàá ò ní mọ ẹni tó gba èwo títí iṣẹ́ á fi parí. Bí ọmọ mi bá wà níbẹ̀, ojú mi á máa ṣègbè."

Baba Magak bi í pé, "Ṣé ó máa dá ibà dúró?"

"N ò tíì mọ̀. A ti dán an wò lára àgbàlagbà, kò ṣe wọ́n níbi. Ti ọmọdé la fẹ́ wádìí."

Kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì ni mo ń wá. Ṣé báyìí la ṣe ń polówó ọjà?

Baba Magak bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ ìlú tí wọ́n ti gbé mi níyàwó ló fi pè mí, ọmọbìnrin Gem: "Nyar-Gem, ibo lo ti rí eléyìí?"

"Ìran Gem ló jọ, Baba. Ẹ̀yin ará ibí lẹ mọ irọ́ í pa."

"Òótọ́ ni. Bó bá sọ pé wọ́n ti gún ọmọ yẹn, ta ni ìbá tú aṣọ rẹ̀ wò? Ẹni tí kò parọ́ níbi tí irọ́ ti máa gbè é, kò ní parọ́ fún wa lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ gbé ẹ̀kọ wá."

Adikinyi gbé igbá náà, ó fẹ́ tọ́ ọ wò. Baba Magak di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gba igbá, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún títí ẹ̀kọ fi kan irùngbọ̀n rẹ̀. 

Ó ní, "Ṣúgà rẹ̀ kéré."

Ìyàwó Odongo ló kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ wá síwájú. Mo yíjú sógiri, mo ń sunkún, inú mi ń dùn. Ìyá ọkọ mi kò gba igbá lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí títí ó fi kú.