Píìnì Kan Nínú Gáùn Pupa

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni aránṣọ náà ti ka àwọn píìnì tó wà lára tìmùtìmù kékeré tó gbé lé itan. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mọ́kàndínlógún ni wọ́n jẹ́. Ogún ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé aránṣọ kì í dìde nídìí aṣọ láìka píìnì. Èyí tí kò bá sí lára tìmùtìmù, ara ènìyàn ni kí a lọ wá a sí.

Pápá tí wọ́n jókòó sí kún fọ́fọ́. Àwọn ìdílé tẹ́ ẹní sórí koríko, wọ́n ṣí agboòrùn, wọ́n sì kọjú sí ìtàgé onípákó tó wà ní ìsàlẹ̀ pápá, níbi tí ọkùnrin méjì ti ń ta gìtá. Ọ̀sán gangan ni. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ apínlẹ́tà, wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń fi ìwé ètò orin fẹ́ ara rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, lórí àga kan ṣoṣo tí wọ́n gbé wá.

"Ìyá Ẹ̀ga, kí lò ń kà?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan lo ti ń kà láti ìgbà tí a ti dé. Ṣé ó pé?"

Aránṣọ náà yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kò sí nǹkan tó ń gún yín?"

"Ní ọjọ́ orí mi yìí, kí ni kì í gún mi? Ẹ̀yìn ń gún mi, orúnkún ń gún mi, èjìká sì ń múra sílẹ̀. Èwo lò ń wá nínú wọn?"

"Píìnì kan ni mò ń wá."

Apínlẹ́tà dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó mọ ohun tí ìyàwó òun ń sọ, nítorí pé ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀ga ni wọ́n ń pe ọmọ wọn obìnrin. Ìyá àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìkókó, nítorí pé bí ẹyẹ ẹ̀ga ni í pariwo láìsinmi. Ó ti di ọmọ ogún ọdún báyìí, òní sì ni yóò kọ́kọ́ dá orin kọ níwájú èrò tó pọ̀ tó èyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ fi rán gáùn pupa tí yóò wọ̀. Àárọ̀ òní ni wọ́n tó rí i pé gáùn náà ṣì fẹ̀ díẹ̀ níhà. Bí aránṣọ náà ṣe kúnlẹ̀ tó ń fi píìnì mú un, tó sì ń rán an mọ́ ọmọ náà lára, ni apínlẹ́tà ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń pín lẹ́tà, òun kò tíì pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni rí. Fèrè yẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè ka píìnì.

"Yóò ti jábọ́ sílé," ó ní.

"Aṣọ funfun ni mo tẹ́ sílẹ̀ kí n tó kúnlẹ̀. Mo gbọn ọ́n kí n tó ká a. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Inú ọkọ̀ ńkọ́?"

"Mo ti wo inú ọkọ̀."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ nasẹ̀."

"Mo rò ó," ni ìyá àgbà wí. "Mo ní irú ẹsẹ̀ wo ni èyí tí a nà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan."

"Bí píìnì bá wà lára rẹ̀, ì bá ti gún un," ni apínlẹ́tà wí. "Ọmọ tí ẹ̀fọn kan kì í jẹ kí àdúgbò má gbọ́, ṣé ó lè gbé irin kiri kó dákẹ́?"

"Kò tíì mí kanlẹ̀ ni. Ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe máa ń kọ orin náà nílé. Bó bá dé ibi tí ohùn ti fẹ́ gòkè, yóò fa èémí sínú títí ìhà rẹ̀ yóò fi fẹ̀. Ibẹ̀ ni píìnì yóò ti gún un, pẹ̀lú ẹnu lílà, níwájú gbogbo ènìyàn wọ̀nyí."

Ìyá àgbà mi orí. "Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Wọn kò sọ ti ẹ̀ga."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo ṣe? Mo kàn sọ ohun tí wọ́n sọ ni."

"Pe ọmọ náà," ni apínlẹ́tà wí.

"Fóònù rẹ̀ wà lápò yín. Ẹ̀yin lẹ gbà á."

Apínlẹ́tà fọwọ́ kan àpò rẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ni. "Nígbà náà, lọ bá a."

"Mo ti ṣèlérí fún un pé n kò ní wá."

Ìlérí náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Nígbà tí Ẹ̀ga díje nílé ìwé, ìyá rẹ̀ lọ bá a lẹ́yìn ìtàgé láti tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó tún un ṣe títí ọmọ náà fi gbàgbé ìlà kejì orin rẹ̀. Láàárọ̀ òní, Ẹ̀ga di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì mú, ó ní, "Màámi, ẹ bá mi jókòó lónìí bí ìyá àwọn ẹlòmíràn." Ìyá rẹ̀ sì ní òun gbọ́.

"Ta ló kù ṣáájú rẹ̀?" aránṣọ náà bèèrè.

Ọkọ rẹ̀ yẹ ìwé ètò wò. "Àwọn onígìtá yìí. Lẹ́yìn wọn, ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, òun."

Aránṣọ náà dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde, ó gbọn koríko kúrò lára gáùn aláwọ̀ aró tó wọ̀, ó tún jókòó.

"Ìyàwó mi," ni ìyá àgbà wí, "adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Àwa ni okùn. Bí o bá ń lọ, máa lọ."

Ó lọ. Ó ń gba àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè lórí agolo omi àti orí àwọn ọmọ tó sùn sórí ẹní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé.

"Màdáámù," ọkùnrin kan wí fún un, "orí ẹsẹ̀ mi lẹ dúró sí."

"Ẹ má bínú."

"N kò bínú. Ẹ ṣì wà níbẹ̀."

Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ìtàgé, àwọn onígìtá ti parí, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti tò lẹ́sẹẹsẹ. Obìnrin aṣọ́nà kan dúró níbẹ̀, ó di bẹ́líìtì fífẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó sì fi kóòtù òjò kọ́ ara irin ẹnu ọ̀nà, nítorí pé ojú ọ̀run ti ṣú díẹ̀ láàárọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọ̀já ọwọ́ tí wọ́n fi ń wọlé lọ́wọ́ yín," aṣọ́nà wí.

"N kò ní. Èmi ni ìyá akọrin tó kàn."

"Ìyá akọrin mẹ́rin ni mo ti dá padà láti àárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin."

"Aránṣọ ni mí. Mo fi píìnì sílẹ̀ nínú aṣọ ọmọ mi."

Aṣọ́nà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé ẹ kò kà á kí ẹ tó dìde ni?"

"N kò kà á."

"Háà, ẹ̀yin ìyá yìí." Ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn. "Ọdún méjì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yẹn kí n tó sá."

"Kí ló lé yín?"

"Píìnì kíkà."

Ẹ̀ga dúró lẹ́bàá ògiri pákó, ó dijú, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Gáùn pupa náà dà sílẹ̀ lára rẹ̀ bí omi. Ó lajú, ó rí ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Màámi. Ẹ ṣèlérí."

Ní ọ̀nà, aránṣọ náà ti múra irọ́ kan sílẹ̀: pé bàbá rẹ̀ ló rán òun wá kí i, pé òun yóò kàn dì mọ́ ọn, kí ọwọ́ òun lè rìn yí ìhà rẹ̀ ká. Nígbà tó rí bí ọmọ náà ṣe sún sẹ́yìn, irọ́ náà kò lè jáde.

"Mo ṣèlérí, mo sì ti yẹ̀ ẹ́. Píìnì kan ṣẹ́kù sínú aṣọ rẹ, n kò sì mọ ibi tó wà."

Ẹ̀ga tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé apá méjèèjì sókè, ó sì dúró gbagidi. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀. Ó fi ìka tẹ ojú ìrán ọ̀tún, ó tẹ ti òsì, ó ki ọwọ́ sáàárín gáùn àti aṣọ fẹ́lẹ́ tó fi tẹ́ inú rẹ̀. Àwọn ìṣẹ́po aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ́ síbẹ̀ pọ̀ débi pé kò síbi tí píìnì kò lè sá pamọ́ sí.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Má mí."

"Màámi, mo níláti mí."

"Ẹsẹ orin kan ló kù fún àwọn ọmọ yẹn," ni aṣọ́nà wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀," ni Ẹ̀ga wí. "N ó fi ọgbọ́n mí. N kò ní jẹ́ kó kanlẹ̀."

"Ibi tí ohùn ti gòkè ńkọ́?"

"N ó fò ó."

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè wò ó. Odindi ọdún kan ni ọmọ yìí fi ń wá ibi yẹn nínú ohùn ara rẹ̀, ní ilé ìdáná, ní balùwẹ̀, títí àwọn ará ilé kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé. Ìyá náà wá wo gáùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tú ọrùn rẹ̀ tó tún un rán. Ó ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n wá sí pápá lónìí, kí wọ́n wá wo iṣẹ́. Kò sí aṣọ tó rán rí tí ojú tó pọ̀ tó èyí fẹ́ rí.

"Bọ́ ọ," ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Bọ́ ọ, kí o wọ tèmi."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi rán an."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo rán an. Yọ apá ọ̀tún."

Aṣọ́nà já kóòtù òjò rẹ̀ kúrò lára irin, ó nà án bí aṣọ ìkélé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìyá já òwú ìhà pẹ̀lú eyín, ó sì tú bọ́tìnnì gáùn tirẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gáùn iṣẹ́ ni. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ti kán sí i létí ọwọ́. Lára Ẹ̀ga, ó dà bí àpò.

"Ó fẹ̀ jù. Jẹ́ kí n fi píìnì…"

"Màámi. Píìnì kankan kò ní fara kàn mí lónìí."

Aṣọ́nà tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó nà án sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹ gba èyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀gá mi rí mi."

Àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọ̀kalẹ̀ lápá kan nígbà tí Ẹ̀ga ń gòkè lápá kejì. Kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí kan, ó fi kóòtù òjò bora dé ọrùn, ó gbé gáùn pupa lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá a láti etí ìsàlẹ̀. Láti ibẹ̀, kò lè rí nǹkan kan lára ìtàgé àfi ẹ̀yìn pákó.

Ẹsẹ orin àkọ́kọ́ ti ń lọ tán nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n.

"Níbo lo wà?" Ọkọ rẹ̀ ni.

"Ẹ̀yìn ìtàgé."

"Ó dá ọ lójú? Ìyá ní ìwọ lò ń kọrin."

"Kí ni?"

"Ó ní òun mọ gáùn yẹn níbikíbi. Ó ti sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pé ìyàwó òun ni, pé ó ti ń fi ohùn pamọ́ fún òun láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gáùn pupa dà?"

"Orí itan mi ni."

"O rí píìnì náà?"

"N kò tíì rí i."

"Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ilé ló wà?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ìrán. Kò tíì jẹ́ kí ọkàn òun dé ibẹ̀. Lórí ìtàgé, orin náà lọ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ó mọ ohun tó kàn. Nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gbọ́ tí ọmọ náà fa èémí sínú, ó gùn, ó kanlẹ̀, kò já.

"Ìyá Ẹ̀ga? Mo bi ọ́ pé bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ dákẹ́ ná," ó wí. "Ó ti mí."

Ohùn náà gòkè. Ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí àpótí láìpa á, ó yí inú gáùn pupa síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lọ́tun láti ọrùn.