Oṣù Márùn-ún Tí Mo Wá Gbà Padà

Gbémisọ́lá, ìyàwó wa, wọ́n ní o wá tọrọ òrí tí wàá fi pa ọmú. Jókòó ná, jẹ́ n kọ́kọ́ rọ́ àlá tí mo lá lánàá fún ọ. Oorun ọ̀sán lásán ló gbé mi lọ o. Mo bá ara mi níwájú ọ́fíìsì kan tó léfòó sórí epo. Kì í ṣe omi, epo ni. Mo bọ́ bàtà, mo rìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kò tilẹ̀ yà mí lẹ́nu. Oṣù márùn-ún ni mo wá gbà padà níbẹ̀.

O ò tíì wọ ilé wa nígbà yẹn. Àbúrò mi Ìbíyẹmí ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó ní kókó kan ń bẹ nínú ọmú òsì. Èmi ni mo ní, "Wàrà ló dì. Ṣé òrí tán ní Ṣakí ni?" Àràárọ̀ ni mo ń yọ́ òrí pa á, tí mo ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù." Mo ní kó fara balẹ̀. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi fara balẹ̀. Ìgbà tá a máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó kàn ń mi orí ni, ó ní jẹjẹrẹ ni. Ìbíyẹmí máa ń gbọ́ tèmi jù, ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní tá a ti sin ín.

Ọ̀gá kan tó de táì ló jókòó nínú ọ́fíìsì náà. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́?" Kí n tó lanu, àwo òrí mi tó wà lórí tábìlì ti fọhùn: "Oṣù márùn-ún ló ń wá. Èmi ló fi ṣòfò ẹ̀." Mo ní, "Pa ẹnu ẹ dé, ìwọ àwo." Ọ̀gá ní ẹni tó gba oṣù náà ń bẹ ní ìdáná, kí n lọ bá a.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, inú ọmú Ìbíyẹmí ni mo bọ́ sí. Kókó yẹn jókòó sídìí àrò, ó ti sanra, ó ń fi ìgbakọ bu ọ̀rá síná, iná ń jó lala. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá, mi ò ráyè dìde. Ṣúgà lọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi fi ń dáná. Èmi, ọ̀rá ni mo ń fà mọ́ra tí mo ń sun, òun ló jẹ́ kí n lè máa sáré tàn kiri báyìí."

Mo ké, "Yéè! Òrí mi lo jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ká má parọ́, òrí yín ò kọjá awọ. Ọ̀rá ara ẹ̀ ni mo jẹ. Àyè lẹ̀yin fún mi. Ẹ ṣeun gan-an ni."

Gbémisọ́lá, ọpẹ́ yẹn burú ju èébú lọ.

Mo ní kó dá oṣù mi padà. Ó ní ìwé ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Mo sáré padà. Ọ̀gá mú ìwé náà jáde, oṣù márààrùn-ún pé síbẹ̀, ó ku kó lu òǹtẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n ẹ̀, ìwo yọ, ó di ewúrẹ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé. Mo kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ oṣù kan péré kù fún mi." Ó jẹ gbogbo ẹ̀ tán.

Ni mo bá jí. Ewúrẹ́ ilé wa ti já wọlé, okùn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń lá àwo òrí tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Mo mú ìgbálẹ̀ kí n lé e. Mo tún gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Máa lá a. Ìwọ náà ò tètè dé."

Bí òrí ṣe tán nílé yìí nìyẹn, ìyàwó. Lọ wọ bàtà ẹ, ká máa lọ sí ọsibítù.