Hezekiah Kú ní Tẹlifíṣọ̀n

"Ọ̀bẹ yẹn, igi ni," Ìyá Lucy wí. "Ẹ wo bí ọ̀dà ṣe ń bó lára rẹ̀."

"Ìyá Lucy, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn jàre," Tíṣà Ọláníran dá a lóhùn. Òun ló ni tẹlifíṣọ̀n náà. Ilé rẹ̀ ní Kàbà ni gbogbo àdúgbò rọ́ wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, débi pé ojú fèrèsé làwọn kan ti ń wòran. James kàfíntà tilẹ̀ gun orí dúrọ́ọ̀mù omi níta.

"Ọ̀rọ̀ wo la fẹ́ gbọ́? Mọ́tò tí apànìyàn gbé wá lẹ́ẹ̀kan, òun náà ni ọlọ́pàá tún gbé dé yìí. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ tó fọ́, mo rí i!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Hezekiah. Télọ̀ ni Hezekiah, ẹ̀gbẹ́ ọjà ló ti ń ránṣọ, òun gan-an ló sì pe gbogbo èèyàn wá wòran. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fọ́nnu pé òun bá ẹgbẹ́ òṣèré kan ṣeré ní Ìlọrin, tó jẹ́ olú-ìlú wa nígbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwárà. Ó ní òun ni olówó tí gbogbo eré náà dá lé lórí. Kò parọ́. Ohun tí kò kàn sọ ni pé eré ò tíì gbóná tí wọ́n ti gún olówó náà pa nínú òkùnkùn, abẹ́ aṣọ funfun ló sì wà láti ìgbà náà.

Ìyẹn ì bá má jẹ́ nǹkan kan, bí kì í bá ṣe ti bàbá tó jókòó sórí àga ńlá níwájú. Bàbá Josiah ni, bàbá Folúkẹ́. Ìyàmoyè ló ti wá. Folúkẹ́ àti Hezekiah fẹ́ fẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n bàbá gbọ́ pé télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ ń ṣeré kiri. Ló bá ní, "Màá fojú ara mi wo eré náà. Tó bá jẹ́ yẹ̀yẹ́ ló lọ ṣe, Folúkẹ́, o ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ sí mi létí mọ́."

Folúkẹ́ sún mọ́ Hezekiah. "Ìgbà wo lo máa jáde?"

"Mo ti jáde."

"Níbo?"

"Abẹ́ aṣọ yẹn."

Folúkẹ́ wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Hezekiah, òkú lo ṣe?"

"Òkú olówó ni."

"Mo gbé!"

"Dákẹ́ ná. Ìyẹn ṣì kéré."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya eré náà, wọ́n ń tún iná ṣe títí, oorun sì gbé e lọ lábẹ́ aṣọ. Ìgbà tí ẹni tó ń ṣe ọlọ́pàá wọlé tó pariwo, Hezekiah ta jí, ó sì ṣe ohun tí òkú kì í ṣe. Inú bí ọ̀gá wọn, àmọ́ ó ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn á gé ibẹ̀ kúrò.

"Ọlọ́run, jẹ́ kí wọ́n ti gé e," ni Hezekiah ń wí lábẹ́lẹ̀.

Ọlọ́pàá wọlé. Ṣòkòtò rẹ̀ ò dé kókósẹ̀. Ó ká aṣọ kúrò lójú olówó.

"Yéè! Hezekiah rèé!" Ìyá Lucy ké.

Bàbá Josiah na ọrùn síwájú, ojú rẹ̀ le. Ọlọ́pàá fi áńkáṣíìfù di imú pinpin, bí ẹni tí òórùn fẹ́ pa, ó wá fẹ́ pariwo pé, "Òkú o!"

Àmọ́ ẹni tó dimú ló ń sọ̀rọ̀. "Okun o!" ló jáde lẹ́nu rẹ̀, bí a ṣe ń kí ara wa ní Kàbà gẹ́lẹ́.

Òkú gbórí sókè. "Okun o, sà. Ẹ káàbọ̀," ó wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì tún kú padà.

Kì í ṣe òun nìkan ló dáhùn. "Okun o!" ni gbogbo pálọ̀ fi gbà á. Ìyá Lucy dáhùn, àwọn ojú fèrèsé dáhùn, James dáhùn lórí dúrọ́ọ̀mù. Ti Bàbá Josiah ló lọ sókè jù. Ó tilẹ̀ ṣí fìlà.

Tíṣà yíjú sẹ́yìn.

"Ta lẹ ń dá lóhùn?" Tíṣà Ọláníran bèèrè.

"Ọlọ́pàá tó kí wa ńkọ́?" Ìyá Lucy wí.

"Kò kí yín! Òkú ló ní. Òkú! Ẹni tó ti kú!"

"Tíṣà, ẹ ti pẹ́ jù ní Ìlọrin, ẹ ti gbàgbé ìkíni ilé. Okun ló wí."

"Òkú wá ń dáhùn? Ẹ ò rí i pé wọ́n ti ba eré jẹ́? Òmùgọ̀ ló máa gbórí sókè níbẹ̀!"

"Ibẹ̀ ló dùn jù!" James ké láti ìta.

Hezekiah ti dorí kodò. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Josiah. Fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ ní òmùgọ̀ lẹni tó dáhùn?"

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí."

"Mo dáhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n kí yín nínú ilé yín, ara yín le, ẹ jókòó, ẹ ò dáhùn. Ọmọ yìí, wọ́n ti gún un lọ́bẹ, wọ́n ti daṣọ bò ó, ó dáhùn. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni wọ́n kọ́ nílé?"

Ìyá Lucy fi ìborùn di ẹnu, ẹ̀rín ò jẹ́ kó mí. Tíṣà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Eré ń lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ mọ́, títí orúkọ àwọn òṣèré fi ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá Josiah dìde. Hezekiah dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta tilẹ̀ ló pa ọ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Wọn ò sọ fún mi."

Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀, ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, ó mi orí. "Ọwọ́ yìí rọ̀ jù. Ilẹ̀ iṣu mi ti tó kọ. Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá ní Sátidé, kí ẹ wá bá mi kọ ebè."

Gbogbo wọn mọ̀ pé bàbá kì í pe ọmọ ọlọ́mọ sí ọ̀wẹ̀ oko báyẹn bí kò bá fẹ́ fún un lọ́mọ. Folúkẹ́ sáré wọ yàrá lọ.

Hezekiah ti dé ìdí dúrọ́ọ̀mù níta.

"James, o ní ọkọ́?"

"Ọkọ́ kẹ̀? Ayùn ni mo ní."

"Lọ yá ọkọ́."