Ẹsẹ̀ Bàbá Lórí Bíréèkì

Ẹ̀gbọ́n ti na ọwọ́ sílẹ̀ de kọ́kọ́rọ́ mọ́tò Bàbá. Ó ní láti òní lọ, Bàbá ò gbọdọ̀ wa mọ́tò mọ́.

Mọ́tò kan ló gbá Bàbá láti ẹ̀yìn. Ẹni tó gbá a búra pé iná bíréèkì kò tàn rárá. Bàbá, tó fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ awakọ̀, ní òun tẹ bíréèkì. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, àbúrò Ẹ̀gbọ́n, mẹkáníìkì tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí, ló dá a lẹ́bi: òun tẹ pẹ́dà bíréèkì lánàá, iná sì tàn yòò. Bí iná bá dára, a jẹ́ pé Bàbá sùn lórí ìdarí, kò tẹ bíréèkì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ara Àbígbẹ̀yìn kò balẹ̀. Ló bá mú sikánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bi mọ́tò léèrè ibi tó ń dùn ún, ó so ó mọ́ abẹ́ ìdarí. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà tó ń sọ ibi tí pẹ́dà dé. Ohun tó bá sọ ni iná ẹ̀yìn ń gbọ́.

Ó tẹ pẹ́dà. Nọ́ńbà ojú sikánà fò sókè, iná tàn.

“Ṣé o ti rí i?” Ẹ̀gbọ́n, tí kò mọ pọ́lọ́ọ̀gì yàtọ̀ sí rádíétọ̀, ló béèrè. “Ọjọ́ tí Bàbá bá lọ pa ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?”

Àbígbẹ̀yìn mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó yíjú sí Bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lójú títì.”

Nọ́ńbà dúró sórí òdo.

“Bàbá, mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́.”

“Mò ń tẹ̀ ẹ́.”

Òdo. Ẹ̀gbọ́n pòṣé. Àbígbẹ̀yìn kúnlẹ̀, ó ti orí bọ abẹ́ ìdarí. Ẹsẹ̀ Bàbá wà lórí pẹ́dà, pẹ́dà sì ti ń wọlẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn kalẹ̀. Ó mọ ẹsẹ̀ yẹn. Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá sùn sínú mọ́tò tí Bàbá sì dá a dúró, kì í jí.

“Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, Bàbá.”

Ó di ìgbà tí pẹ́dà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì kí nọ́ńbà tó fò, kí iná tó tàn. Sẹ́ńsọ̀ ti kú níbi ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn pẹ́dà. Ẹsẹ̀ Àbígbẹ̀yìn, tó máa ń jan pẹ́dà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa àkekèé, kò lè mọ̀ láéláé.

“Mọ́tò ló parọ́,” ó ní. “Èmi náà sì bá a parọ́ mọ́ yín. Ẹ dárí jì mí.”

Ẹ̀gbọ́n ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé Àbígbẹ̀yìn lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

“Tún un ṣe,” ó ní. “Tó o bá ń dán an wò, fi ẹsẹ̀ tèmi tẹ̀ ẹ́.”